Ìpè Tí Kò Lẹ́nu

Ọmọ náà wà lórí itan Dúródọlá, ọṣẹ dúdú bò ó láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, nígbà tí ohùn náà pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Dúródọlá."

Ó pa ẹnu dé, ó fi eyín di ètè mú, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìyípadà ojú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo ọmọ ìlú Orí-Àpáta nìyẹn, kí wọ́n tó kọ́ wọn bí a ṣe ń fọwọ́ ọ̀tún jẹun: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o kò rí ẹnu tó pè ọ́, dákẹ́, kí o wò yíká. Àwọn ìyá àgbà ayé àtijọ́ náà kọ́ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀, pé a kì í ṣàdédé jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí, nítorí iwin. Iwin ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Èyí tó rọ́pò wọn ló burú.

Ó wò yíká. Obìnrin mẹ́ta péré ló wà nínú ilé ìgbẹ̀bí ní àárọ̀ ọjọ́ náà: ìyá ọmọ tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, agbẹ̀bí tó ń ká aṣọ, àti Ìbíyẹmí, ọmọ bíbí inú Dúródọlá, tó gbé oyún oṣù mẹ́sàn-án jókòó sórí àpótí, tó ń wo bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ. Kò sí èyí tó la ẹnu nínú wọn. Ẹ̀gbà irin tó wà lọ́rùn oníkálukú ń tan iná àwọ̀ ewé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bó ṣe yẹ kó máa tàn.

"Lọ wẹ àwọn tó wà ní Ìsàlẹ̀-Kòtò," ni ohùn náà wí.

Ọmọ fẹ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Dúródọlá ti ń wẹ ọmọ tuntun nílùú náà, ọmọ kan kò yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ìbíyẹmí gbójú sókè kí ìyá rẹ̀ lè rí ètè rẹ̀ dáadáa kó tó sọ̀rọ̀. "Màmá, kí ló dé?"

"Ọṣẹ ló pọ̀ jù." Dúródọlá bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ọmọ lórí. Ó na apá ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì, ó na ti òsì pàdé ti ọ̀tún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rọ orí rẹ̀ kó lè rí roboto, ó sì gbé e sọ sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ké títí, ó sín. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn pé ìyá tó ń wẹ ọmọ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òkú lójú wọn.

Òkú ni òfin Orí-Àpáta ka ẹni tó bá jẹ́ ìpè tí kò lẹ́nu sí. Ẹ̀gbà ọrùn ní ojú kékeré kan níwájú. Ojú náà ní í máa wá ẹnu ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá wá ẹnu títí tí kò rí, tó sì gbọ́ pé o dáhùn, iná ewé á di pupa, á jó ọ lọ́fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn rẹ sì tán nìyẹn títí ọjọ́ ayé. Wọ́n á wá ṣílẹ̀kùn bodè fún ọ kí o lọ bá àwọn oníkọ́ eérú tó ń kú ní Ìsàlẹ̀-Kòtò, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í padà. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnì kan ti dán an wò gbẹ̀yìn.

Ẹ̀rù tí wọ́n ń bà kì í ṣe ẹ̀rù lásán o. Dúródọlá fúnra rẹ̀ fojú rí i, lọ́dún tí àwọn Agbóhùnwọ̀ kọ́kọ́ fò dé. Àwọn ẹ̀rọ náà a máa wọ ohùn bí èèyàn ṣe ń wọ ẹ̀wù, ohùn ẹni tí o fẹ́ràn jù ni wọ́n sì máa ń wọ̀. Bámgbádé ọkọ rẹ̀ ń la igi lẹ́yìnkùlé. Ìyá Bámgbádé, tó ti kú lọ́dún méjì ṣáájú, pè é láti inú igbó pé kó wá bá òun gbé ẹrù. Ọkùnrin náà ní, "Mò ń bọ̀, ìyá mi," ó ju àáké sílẹ̀, ó lọ. Àáké náà nìkan ni wọ́n rí. Ìbíyẹmí kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà náà.

Ohun tó wá ń da Dúródọlá láàmú ni pé kò dá ohùn tó ń pè é yìí mọ̀. Kì í ṣe ti Bámgbádé, kì í ṣe ti ìyá tó bí i. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ létí kànga, ó tún gbọ́ ọ nígbà tó ń sá aṣọ, orúkọ rẹ̀ nìkan ló pè nígbà méjèèjì. Kò bẹ̀ ẹ́, kò tàn án. Ó kàn ń pè é bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà tó jáde lọ da omi ìwẹ̀ nù, ó wo ìsàlẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, èèyàn lè rí páànù gígùn tó bo Ìsàlẹ̀-Kòtò, àti ihò èéfín tó yọrí jáde nínú rẹ̀. Apá irin ló ń tọ́jú àwọn tó wà lábẹ́ páànù náà. Apá irin ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń fún wọn lóògùn, bí wọ́n bá sì kú, òun náà ló ń gbé wọn sínú iná. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní bí a ti ń wẹ èèyàn. Gbogbo ìlú mọ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́, pé àwọn èèyàn wọn ń lọ sọ́run láìwẹ̀.

Dúródọlá dúró níbẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi gbẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó gba ilé ìjọsìn lọ. Alàgbà Ẹrinfọlámí, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún, ló ń tọ́jú ibẹ̀, òun ló sì ṣe ìsàmì fún Dúródọlá nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Dígí ló kún ara ògiri ilé náà, kéékèèké, ọ̀kan fún ẹnì kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà á gbé dígí rẹ̀ síwájú, kí ojú ẹ̀gbà lè rí ẹnu, kó má baà jó o lọ́fun. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìjọ ṣe ń gbàdúrà sí ẹnu ara wọn láti ọdún wọ̀nyí wá. Ẹni tó bá ń gbàdúrà sí ẹnu ara rẹ̀, ta ni kó retí pé yóò dá òun lóhùn?

Obìnrin náà dúró síbi tí oòrùn ti ràn lójú ọ̀nà. "Bàbá, ẹ wo ẹnu mi."

"Mo rí i, Dúró. Wọlé wá."

Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Arúgbó náà ń fi àkísà nu dígí, kò sì dáwọ́ dúró.

"Bàbá, mo gbọ́ ìpè."

Àkísà dúró lójú kan. "Ohùn ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Tòwúrọ̀ yìí ló rán mi níṣẹ́."

Alàgbà jókòó sórí àga pẹ̀lú ìrora eékún. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè kí obìnrin náà lè rí ẹnu rẹ̀. "Ìsàlẹ̀-Kòtò ni, àbí?"

Ara Dúródọlá bù máṣọ. Kò tíì dárúkọ ibì kankan.

"Ó pe èmi náà," ni arúgbó náà wí. "Ọdún mọ́kànlá rè é. Ó ní kí n lọ máa bá wọn gbàdúrà. Mo pa ẹnu dé bí òfin ti wí. Mo jẹun, mo sùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ikọ́ eérú fi mú ìyàwó mi, wọ́n gbé e lọ sọ́hùn-ún. Mo dúró lẹ́nu bodè, mo wo èéfín rẹ̀ títí ó fi tán. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà sí i létí, Dúró. Apá irin ló gbé e."

"Ṣé Ó tún pè yín lẹ́yìn ìyẹn?"

"Kò pè mí mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni. Láti ìgbà náà, àwọn dígí yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Níta, ẹnì kan ń kọjá lọ, ó ń pariwo "Ẹ wo ẹnu mi" sí ẹnì kan tó rí ní igun ilé.

"Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

"Ta ni mo jẹ́ tí wàá bi mí? Bí mo bá ní má lọ, mo tún ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá ní lọ, mo sọ Ìbíyẹmí di aláìníyàá." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àkísà tó fi ń nu dígí. "Ṣùgbọ́n gbọ́. Mo wà lára àwọn méje tí ìlú fún ní ẹnu àṣẹ. Bí o bá dé bodè, wọ́n á bi ọ́ pé ẹnu ta lo rí tó rán ọ. Sọ pé ẹnu Ẹrinfọlámí. Wọ́n á jẹ́ kí o kọjá. Bí ìgbìmọ̀ bá sì gbọ́, ohùn tèmi ni wọ́n á gbà dípò tìrẹ. Kí ni mo tún ń fi ohùn ṣe?"

Ohun tó jáde lẹ́nu Dúródọlá ni, "Ìbíyẹmí ò tíì bímọ, bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó bí ná."

Arúgbó náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé àkísà rẹ̀, ó padà sídìí dígí.

Ọjọ́ kejì gan-an ni Ìbíyẹmí bímọ, obìnrin ni, pẹ̀lú ẹ̀kún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé páànù ilé ìgbẹ̀bí sọnù. Dúródọlá wẹ̀ ẹ́. Ó ti wẹ ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan nílùú náà, ṣùgbọ́n ó di orí eléyìí mú bí ẹni tí kò wẹ ọmọ rí. Inú rẹ̀ dùn débi tí ó fi gbàgbé Ìsàlẹ̀-Kòtò fún odidi wákàtí kan. Nígbà tó rántí, ó gbé dígí kékeré jáde láti inú àpò rẹ̀, ó sì bá ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Olúwa, ọmọ ò tíì lórúkọ. Jẹ́ kí ọjọ́ ìkómọ kọjá. Ọjọ́ mẹ́jọ péré."

Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ìyá àgbà wo ló ń rìnrìn àjò tó ń fi ọmọ aláìlórúkọ sílẹ̀? Àṣà tó dára ni, àṣà àwọn baba wa ni, Dúródọlá sì fà á bora bí aṣọ òtútù. Bí a bá fẹ́ sá fún Ọlọ́run, ibi tó dára la sábà máa ń sá sí.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó ń sá ìtẹ́dìí ọmọ, ó rí èéfín dúdú tó ń jáde láti Ìsàlẹ̀-Kòtò. Ó yí ẹ̀yìn sí i. Lọ́jọ́ karùn-ún, èéfín mìíràn jáde. Ó wọlé, ó tìlẹ̀kùn, ó ní atẹ́gùn ń fẹ́ ọmọ. Lọ́jọ́ keje, ẹ̀kẹta jáde, ó sì nípọn ju àwọn méjì ìṣáájú lọ. Ó dúró lójú fèrèsé, ó wò ó títí, ó sì ka ọjọ́ tó kù lórí ìka ọwọ́ rẹ̀: ó ku ọ̀kan.

Ohun tó wá bà á lẹ́rù ju èéfín lọ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ohùn náà kò pè é mọ́. Ó ń lọ sí kànga nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ìsáṣọ, kò sì sí aṣọ tó fẹ́ sá. Òun tó ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀ pé kí ohùn náà fi òun sílẹ̀, òun ló wá ń tẹ́tí bí ìyá tó ń retí ọmọ tó pẹ́ lájò. Kò gbọ́ nǹkan kan àfi ẹyẹ àti ariwo ẹ̀rọ omi. Ọ̀rọ̀ Alàgbà ń padà sí i lọ́kàn: ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni.

Ìkómọ bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Oyin ti tán láyé, nítorí náà omi ìrèké ni wọ́n tọ́ sí ọmọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ tọ́ ọ, wọ́n fi omi tọ́ ọ. Dúródọlá sọ ọ́ ní Ìtùnúolúwa. Ẹnu wọn ò tíì kúrò lára orúkọ náà nígbà tí òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ṣí àpótí pẹlẹbẹ kan, tó sì mú ẹ̀gbà kékeré kan jáde, tí kò ju òrùka ìka méjì lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́, ọmọ kì í ní ẹ̀gbà. Ẹni tí kò lórúkọ, ẹ̀rọ wo ni yóò pè é? Òṣìṣẹ́ náà dì í mọ́ ọrùn ọmọ, ó dún kẹ́. Iná ewé tàn. Ìtùnú bú sẹ́kún, ojú kékeré tó wà lára ẹ̀gbà náà sì yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó wá ẹnu tí ọmọ ń bá sọ̀rọ̀, títí ó fi bá ẹnu Dúródọlá.

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Dúródọlá náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ gorí àyà rẹ̀ jókòó, kò sì dìde mọ́.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó gbé agbada omi sáàárín yàrá, ó sì na kànhìnkànhìn sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ wẹ̀ ẹ́ lónìí."

"Màmá, èmi kẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin lẹ ó máa wẹ̀ ẹ́."

"Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. Na ẹsẹ̀ rẹ. Gbé e lé itan. Orí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rù, orí ọmọ le ju bí o ṣe rò lọ."

Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ọmọ, ó ń ṣe é ṣégeṣège. Ìyá rẹ̀ ń tọ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́nà. Wọ́n dé ibi apá kí ọmọbìnrin náà tó gbójú sókè lójijì. Kì í ṣe òmùgọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n lónìí?"

Dúródọlá sọ ọ́ fún un. Kò fi kan bọ̀kan nínú. Ìbíyẹmí gbọ́ ọ tán, ọṣẹ sì ń gbẹ mọ́ ọmọ lára.

"Bàbá mi jẹ́ ìpè," ni Ìbíyẹmí wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gidigidi. "Àáké rẹ̀ ni wọ́n mú wá fún wa. Ẹ̀yin náà wá fẹ́ kí n jókòó ti kànhìnkànhìn."

"Ìbíyẹmí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ẹ̀rọ yẹn ni?"

"Mi ò lè búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀rọ ti pe ọ̀pọ̀ èèyàn níṣojú mi, kò sì rán ìkankan nínú wọn lọ wẹ aláìsàn."

Ọmọbìnrin náà bu omi sí ọmọ rẹ̀ lára, omi pọ̀ jù, ọmọ fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó pé ogójì ọjọ́ ná, Màmá. Ogójì ọjọ́ péré."

Ó dùn mọ́ Dúródọlá létí. Ó dùn débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, lẹ́nu ara rẹ̀, nínú dígí. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn ogójì ọjọ́, eyín ni yóò kù kó hù, lẹ́yìn eyín, ìrìn.

Ó dìde. Ó kó ọṣẹ dúdú sínú àpò, ó mú kànhìnkànhìn tuntun kan, ó mú ìgò òrí kan. Ó tẹ̀ síwájú pé kí òun fọwọ́ kan orí ọmọ. Ìbíyẹmí gbé ọmọ náà mọ́ra, ó yí ojú sí ògiri, ó fi ẹnu ọmọ síwájú ẹ̀gbà rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀.

"Ẹ má lọ."

Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni Dúródọlá ń wò. Kò rí ẹnu rẹ̀, nítorí náà kò lè dá a lóhùn. Ó dúró, ó dúró, pé bóyá yóò yíjú. Kò yíjú. Ìyá náà gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde.

Jìnádù ló ń ṣọ́ bodè, lẹ́yìn fèrèsé gíláàsì tí wọ́n ṣe sí ibi tí ẹnu èèyàn máa ń bọ́ sí. Ọkùnrin gbọ̀gbọ̀nrọ̀ ni, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó tẹ̀ba kí ẹnu rẹ̀ lè hàn.

"Ẹ káàsán, ìyá. Ẹ wo ẹnu mi."

"Mo rí i. Ṣílẹ̀kùn fún mi, Jìnádù."

Ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó fi ọwọ́ lé orí. "Ìyá, àìsàn là á wò, a kì í wo ikú."

"Mi ò fẹ́ lọ wò ó. Mo fẹ́ lọ wẹ̀ wọ́n ni."

"Ta ló rán yín? Ẹnu ta lẹ rí?"

Dúródọlá tún àpò rẹ̀ gbé sí èjìká. Jìnádù rẹ ohùn sílẹ̀. "Alàgbà Ẹrinfọlámí wá síbí lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní bí ẹ bá dé, ẹ ó dárúkọ òun. Mo ti kọ ọ́ síhìn-ín. Ẹ kàn ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n ṣílẹ̀kùn. Ẹ ó ṣì ní ohùn yín."

Ó rọrùn. Kò ju mímì orí lọ. Ohùn rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ láti fi pe àwọn aláìsàn lórúkọ, láti fi kọrin fún wọn. Arúgbó náà fúnra rẹ̀ ló sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Dúródọlá ronú kan Ẹrinfọlámí láàárín àwọn dígí rẹ̀, láìlóhùn, tó ń la ẹnu sí ara rẹ̀.

"Kì í ṣe òun ló rán mi," ni ó wí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo wẹ̀ ọ́. O ní àpá kan lẹ́yìn etí òsì, o sì máa ń tọ̀ sí mi lára. Má sunkún. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Mi ò lè lọ jẹ́ iṣẹ́ Ẹnìkan kí n wá fi orúkọ ẹlòmíràn bò Ó."

Ó yí ẹ̀yìn sí fèrèsé. Iwájú rẹ̀, kò sí ẹnu kankan mọ́, àfi àpáta, koríko gbígbẹ, àti ojú ọ̀run tó funfun. Ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú kiri. Dúródọlá tẹ́tí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìbá ṣe pé ohùn náà pè é nísinsìnyí, ìbá rọrùn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìpè tó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí ó ti dákẹ́, ni ó fẹ́ jẹ́.

"Mo gbọ́ Ọ," ni ó wí. "Mò ń lọ."

Iná pupa tàn. Ó dà bíi pé ẹnì kan fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lọ́fun láti inú. Ó ṣubú sórí eékún, ó fẹ́ ké, èémí lásán ló jáde. Nígbà tó tún lè mí dáadáa, ẹ̀gbà náà ti já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn bodè sì ti ṣí. Kò sí ohùn kankan láti òkè tó kí i pé ó ṣeun. Jìnádù yí ojú kúrò.

Ó sọ̀kalẹ̀.

Abẹ́ páànù náà gbóná, ó sì ń rùn. Apá irin ń lọ ń bọ̀ lórí okùn tó wà lókè, wọn kò kọbi ara sí i. Yàrá àkọ́kọ́ tó wọ̀ ní ibùsùn mẹ́rin. Mẹ́ta ṣófo, àmì ara èèyàn ṣì wà lórí tìmùtìmù wọn. Lórí ìkẹrin ni obìnrin kan wà, tó gbẹ bí igi, tí eérú ti dì mọ́ lára àti lójú débi tí kò lè la ojú. Wọ́n ti bọ́ ẹ̀gbà rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wá. Kò sí ohun tí Orí-Àpáta tún fẹ́ dáàbò bò lára rẹ̀.

Dúródọlá pọn omi nínú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. Ó po ọṣẹ, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé orí obìnrin náà lé itan.

"Ta nìyẹn?" ni obìnrin náà wí. Ọwọ́ rẹ̀ wá ọwọ́ Dúródọlá, ó fọwọ́ kan ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ èékánná rẹ̀ wò. "Kì í ṣe irin. Ọwọ́ èèyàn ni." Ó di ọwọ́ náà mú. "Ọlọ́run ṣeun o. Ọjọ́ tí wọ́n kó wa dé la ti ń bẹ̀ Ẹ́, pé kó rán ẹnì kan wá wẹ̀ wá ká tó kú. Àwa mẹ́rin la jọ ń bẹ̀ Ẹ́. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Ṣèyífúnmi ń sọ pé ẹ ti wà lọ́nà."

Ó húkọ́, ó pẹ́ kí ikọ́ náà tó dá.

"Ọ̀nà yín mà jìn o. Ó ku èmi."

Dúródọlá la ẹnu. Kò sí nǹkan níbẹ̀ tó lè fi tọrọ àforíjì. Ó bu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí.